Hẹn Tí Wọ́n Gbé Wọ Aṣálẹ̀

Àlá ọ̀sán ni Ìbídùnní lá, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé àlá ọ̀sán kì í ní ìtumọ̀. Ọjọ́ Àìkú ni. Oòrùn tí í ṣíwájú òjò ló ń ràn lọ́jọ́ náà, àwọn adìyẹ pàápàá la ẹnu sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kó tó sùn. Ẹni tí kò mọ ẹrù tó wà lórí ọmọ kò lè mọ ìdí tí ọrùn fi ń dùn ún.

Ìbídùnní ń ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Ìlá. Ní ilé-ẹ̀kọ́ yẹn kan náà ni Láṣebìkan ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì. Ọkùnrin tó rẹwà ni Láṣebìkan, ohùn rẹ̀ a máa tu èèyàn lára bí omi inú àmù. Ọmọlúwàbí tún ni, àní ó ti pọ̀ jù: ẹni tó bá fi oṣù mẹ́ta péré jù ú lọ, Láṣebìkan yóò dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún un, ì báà jẹ́ nínú ẹrẹ̀. Ọjọ́ kejì ọdún Kérésì ló sọ fún Ìbídùn pé òun fẹ́ ẹ. Ìbídùn náà sì fẹ́ ẹ. Bó bá ti gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀, ọkàn rẹ̀ a máa lù kìkì, ìwé tó ń tò a sì yí orí kodò lórí pẹpẹ.

Ṣùgbọ́n kò jẹ́ hẹn.

Àwọn ìwé ìfẹ́ pélébé-pélébé tó ti ń kà láti kíláàsì kẹta ló kọ́ ọ. Nínú gbogbo wọn, obìnrin tó níyì kì í jẹ́ hẹn kí oṣù mẹ́fà tó pé. Ọkùnrin gbọdọ̀ rù kó hangogo ná. Màmá rẹ̀ náà gbè é lẹ́sẹ̀: "Hẹn tó bá yá lẹ́nu kì í pẹ́ lójú ọkọ." Bẹ́ẹ̀ ni Ìbídùn ṣe tọ́jú hẹn tirẹ̀ bí ẹní tọ́jú aṣọ ọdún, tó ń retí ọjọ́ tí yóò pé.

Àfi bí iṣẹ́ tuntun ṣe jáde fún Láṣebìkan ní Sókótó. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó wá dúró níwájú tábìlì Ìbídùn nílé ìkàwé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà rẹ̀ mú.

"Ìbídùn, mi ò bínú o. Ṣùgbọ́n agogo mẹ́rin ọ̀sán ọ̀la ni mọ́tò mi máa gbéra. Tí mi ò bá tíì gbọ́ hẹn lẹ́nu rẹ títí táyà ẹ̀ fi yí, màá gbà pé rárá ni. Mi ò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́."

Ìbídùn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ lọ jókòó jàre, tíṣà." Láti ìgbà tó ti sọ̀rọ̀ yẹn ló ti ń ka wákàtí.

Ó pinnu pé agogo mẹ́ta ni òun yóò jáde nílé lọ́jọ́ Àìkú, kí òun lọ jẹ́ hẹn fún un ní gáréèjì. Ó wẹ̀, ó múra, ó jẹ iyán. Agogo kan ààbọ̀ lù. Ó ní kí òun fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ó mú ìwé àtijọ́ kan tó gbé wálé láti ilé ìkàwé. Àwòrán ọkùnrin tó gun ràkúnmí ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì rò pé ìwé ìfẹ́ ni. Àṣé ìròyìn tí ọ̀gá ṣọ́jà Òyìnbó kan kọ láyé Ọbabìnrin ìgbà ọjọ́un ni: bí wọ́n ṣe kó ọmọ ogun la aṣálẹ̀ lọ láti gba ọkùnrin kan tí ọ̀tá sé mọ́ inú ìlú, bí wọ́n sì ṣe fi ọjọ́ méjì pẹ́. Ìbídùn ka ojú ewé kẹrìnlá. Iyán náà sì ṣe iṣẹ́ iyán.

Ló bá bá ara rẹ̀ létí odò kan tí kò ní omi. Odò náà ti ká ara rẹ̀ bí ẹní, ó fara ti àpáta kan, ó ń sinmi. Ẹgbẹ̀rún ṣọ́jà tó wọ kóòtù pupa tò lọ rẹrẹẹrẹ. Ọ̀gá wọn, Kápútéènì Pẹ́mbatìn, dúró níwájú pẹ̀lú irunmú tó gùn débi pé ọmọ ogun méjì ló ń bá a di ṣóńṣó rẹ̀ mú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.

"O pẹ́," Kápútéènì wí. Yorùbá Ìlá gan-an ló ń sọ. Kò ya Ìbídùn lẹ́nu.

"Ẹ má bínú, sà. Mo jẹ iyán ni."

"A gbọ́. Gba ẹrù rẹ."

Ó gbé àpótí igi kékeré kan lé e lọ́wọ́, kò ju ìkòkò ọbẹ̀ ẹni méjì lọ. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Nǹkan kan ń kan ìlẹ̀kùn rẹ̀ láti inú: kó, kó, kó.

"Àǹtí," ohùn tín-ín-rín kan wí, "èmi ni hẹn yín o. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Mi ò fẹ́ràn òtútù."

Kápútéènì nàka sí ọ̀ọ́kán. Ó ní ìlú olódi kan wà láàárín aṣálẹ̀. Ọ̀tá ti yí i ká. Ọkùnrin kan ń gun òrùlé lójoojúmọ́, ó ń fi awò ọ̀nà jíjìn wò bóyá àwọn tó ń mú hẹn bọ̀ ti yọ. Ọkùnrin náà ti ránṣẹ́ pé òun lè dúró di agogo mẹ́rin ọjọ́ Àìkú. Bí hẹn bá dé bá a kó tó dìgbà náà, odi ìlú kò ní wó. Bí kò bá dé, ó parí.

"Ta ni ọkùnrin náà, sà?"

"Tíṣà jọ́gíráfì kan ni."

Àyà Ìbídùn já pàá. "Kí la wá ń dúró ṣe?"

"Ọkọ̀ ojú omi," Kápútéènì wí. Torí wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkọ̀ ojú omi ni wọn yóò wọ̀, odò sì ti ká ara rẹ̀, àwọn ṣọ́jà gbé àwọn ọkọ̀ náà rù, wọ́n gbéra.

"Ẹ rọra o," ọkọ̀ kan kígbe lókè. "Orí ṣọ́jà yìí le bí èkùrọ́. Ìdí ń ro mí."

Wọ́n rìn wọnú yanrìn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kan òkè yanrìn kìn-ín-ní. Bí Ìbídùn ti fẹ́ yà bá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni òkè náà wúkọ́.

"Ẹ wò ó o! Ọmọ ta lèyí tó fẹ́ kọjá lára àgbà bí ẹní kọjá lára òpó?"

Kíá, Kápútéènì dọ̀bálẹ̀. Ẹgbẹ̀rún ṣọ́jà dọ̀bálẹ̀ tẹ̀lé e, tọkọ̀-tọkọ̀. Ìbídùn kúnlẹ̀, ó gbé àpótí mọ́ra.

"Ẹ kú oòrùn, bàbá," Kápútéènì wí. "Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú yanrìn. Ilé ńkọ́?"

"Ilé wà."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Atẹ́gùn gbé méjì lọ lánàá, wọn yóò padà."

"Ẹ kú àfojúsọ́nà wọn. Ìyàwó ńkọ́?"

"Ìyálé ló jókòó sọ́tùn-ún yẹn. Ìyàwó kékeré wà lẹ́yìn mi. Ẹ má gbàgbé rẹ̀ o, ó máa ń bínú."

Ìbídùn gbójú sókè. Òkè yanrìn lọ súà títí tí ojú kò fi tó o mọ́, gbogbo wọn jókòó, wọ́n káwọ́, wọ́n ń retí kí wọ́n kí wọn. Kó, kó, kó, hẹn kan ìlẹ̀kùn. Kápútéènì fa ìwé kan yọ nínú bàtà rẹ̀, ó ń kà á sókè ketekete bó ti ń kọ ọ́: "Agogo méjì. A ti kí òkè mẹ́tàdínlógún. Inú àwọn ọmọ ogun dùn."

"Kápútéènì, sà," Ìbídùn wí, "ẹ jọ̀ọ́, ṣé a ò lè juwọ́ sí àwọn yòókù lẹ́ẹ̀kan náà?"

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tó bú bàbá rẹ̀. "Kí wọ́n lè sọ pé Ọbabìnrin kò kọ́ wa nílé? Ọmọbìnrin, ogun lè dúró. Àgbà kì í dúró."

Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́gbọ́n mu létí Ìbídùn, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bọ́gbọ́n mu lójú àlá. Ó tún kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ títí eékún rẹ̀ fi dá ihò sílẹ̀ la aṣálẹ̀ kọjá bí ihò tí wọ́n fẹ́ gbin àgbàdo sí. Yanrìn wọnú iyán tó jẹ, ó gbọ́ bó ṣe ń dún wìì nínú ikùn rẹ̀.

Òkè kejìléláàádọ́ta ni wọ́n kí tán nígbà tí òjìji kan bo wọ́n. Ilé iṣẹ́ kan ló léfòó sójú ọ̀run, tòun ti fèrèsé, tòun ti bẹ́ǹṣì tí èrò jókòó sí. Okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ iké ràkúnmí kan.

"Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ sára hẹn," Kápútéènì wí. "Láìsí òǹtẹ̀, hẹn kò kọjá."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn lókè," ràkúnmí náà wí, "pé kí wọ́n fún mi ní ìsinmi. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti di ilé yìí mú. Imú ń yún mi."

"Màá sọ, sà," ni Ìbídùn wí, ó gun àkàbà.

Lókè, Ọ̀gá Òǹtẹ̀ jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó wọ kóòtù, ó so táì. Ó gbé etí lé àpótí náà bí dókítà.

"Oṣù mélòó ni hẹn yìí?"

"Oṣù márùn-ún ààbọ̀, sà."

"Kò tíì gbó. Gbé e padà sílé, kó gbó."

"Sà, ọ̀tá ti yí ìlú ká. Odi fẹ́ wó."

"Odi lè wó, ìyàwó mi. Hẹn ò gbọdọ̀ já wálẹ̀. Wo ohun tí òfin wí."

Ó ṣí ìwé òfin. Ìbídùn mọ ìwé náà. Ìwé ìfẹ́ pélébé kan ni, òdòdó pupa wà lẹ́yìn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi àtè lẹ ojú ewé kẹjọ rẹ̀ nígbà tó ya ní kíláàsì kẹta. Ojú tì í pé àwọn èèyàn ńlá ń fi irú rẹ̀ ṣe ìjọba. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Ó fi orí ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó fi ti ràkúnmí náà bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá mí kanlẹ̀.

"Torí ojú rẹ tó jọ òṣùpá ni o. Jẹ́ kí n wá òǹtẹ̀."

Ó ṣí dúrọ́ọ̀ kìn-ín-ní. Irùngbọ̀n já sílẹ̀ lágbọ̀n rẹ̀. Ó ṣí ìkejì, etí rẹ̀ gùn, ó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó fi máa ṣí ìkẹta, ìwo méjì ti yọ, ó ń fi pátákò tú ìwé ká.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," Ìbídùn wí. "Ṣé kí n bá yín wá a?"

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀," ni Ọ̀gá dáhùn. Ó gun orí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fọ́ọ̀mù rẹ̀ láti etí.

Lórí bẹ́ǹṣì, àwọn èrò kò mira. "Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn lọ́wọ́ ọ̀sán," ìyá kan wí. "Tó bá jẹun yó, á padà di èèyàn. Má dìde o, ààyè rẹ á bọ́."

Ìbídùn jókòó. Àbí kí ni kó ṣe? Ó jókòó, ó wo ewúrẹ́ tó so táì, ó fọwọ́ kan àpótí. Kò lọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́. Ó ń tutù lọ.

"Àǹtí," hẹn wí, "mo ń rí èémí mi."

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà á gidi. Ó fi bẹ́ǹṣì sílẹ̀, ó fi òǹtẹ̀ sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Kápútéènì jókòó lábẹ́ ràkúnmí, ó ń kọ̀wé wìtìwìtì. Ìbídùn yọjú wo ìwé náà. Ó rí i pé Kápútéènì ti kọ ọ́ dópin, tó fi mọ́ orí tó gbẹ̀yìn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: *A dé lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Kò sí ẹnìkan lórí òrùlé.*

"Sà! A ò tíì dé ibẹ̀! Báwo lẹ ṣe kọ ọ́ pé a pẹ́?"

"Ìròyìn la kọ́kọ́ ń kọ," Kápútéènì wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ìrìn-àjò á wá máa tẹ̀lé e. Tí a bá tètè dé báyìí, a ó ba ìwé jẹ́ nìyẹn. Ṣé o mọ iye yíǹkì tí mo lò?"

Ìbídùn gbé àpótí mọ́ra. Ó sáré. Ó sì rí ìlú náà lójijì, ó sún mọ́ ọn débi pé ó lè ka bíríkì odi rẹ̀. Ọkùnrin kan dúró lórí òrùlé, ó wọ ṣòkòtò tó máa ń wọ lọ sí kíláàsì, ẹfun ìkọ̀wé wà nídìí rẹ̀ bó ṣe máa ń wà. Láṣebìkan ni. Ó ń ju fìlà sókè. Agogo ńlá tó wà lórí odi ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kó lu mẹ́rin.

Òkè yanrìn kan ṣoṣo ló kù láàárín wọn. Ó ti darúgbó, orí rẹ̀ ti pá.

"Ta nìyẹn?" òkè náà wí. "Ojú mi ò ríran mọ́."

Ìbídùn fẹ́ máa sáré lọ. Ó pàṣẹ fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n eékún rẹ̀ ti kọ́ ẹ̀kọ́ ilé ju orí rẹ̀ lọ: ó kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán, bàbá," ẹnu rẹ̀ ń wí, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ kú àgbà. Ilé ńkọ́, sà?"

"Ilé, ilé... Èwo nínú ilé? Mo ti gbé ilé méje. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti èkíní."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ láti èkíní. Lẹ́yìn òkè náà, odi ìlú ń ká ara rẹ̀ bí ẹni ń ká aṣọ tó gbẹ: ó ká ìlà-oòrùn, ó ká ìwọ̀-oòrùn, ó ká òrùlé. Agogo lu mẹ́rin. Ó tún lu mẹ́rin ọjọ́ kejì. Ó lu mẹ́rin ọjọ́ kẹta. Nígbà náà ni òkè tó wí pé, "Ó tó, ọmọ mi. O ṣeun, o lẹ́kọ̀ọ́."

Ìbídùn dìde. Kò sí ìlú mọ́. Pátákó ìkọ̀wé kan ló kù nínú yanrìn, wọ́n fi ẹfun kọ ọ́ lára pé: *Mo dúró.* Ó ṣí àpótí. Hẹn wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò ju èkùrọ́ lọ, ó tutù nini, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Kápútéènì dé tòun tọmọ ogun, ó ṣí fìlà. "Ó bá ìwé mu," ó wí. Ewúrẹ́ tó so táì tò ó lẹ́yìn, ó gbé òǹtẹ̀ sẹ́nu níkẹyìn, ó rìn dé ibi tí Ìbídùn wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìròyìn náà lọ́wọ́ Kápútéènì, rùmù, rùmù, rùmù...

Rùmù, rùmù, rùmù. Ìbídùn lajú. Ewúrẹ́ màmá rẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sórí ẹní, okùn rẹ̀ tó já so kọ́ lọ́rùn rẹ̀ bí táì. Orí tó gbẹ̀yìn nínú ìwé ilé ìkàwé ló ń jẹ. Ó wo Ìbídùn lójú, ó gbé ewé kan mì.

Agogo ara ògiri: mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlá.

Kò wọ bàtà. Kò di gèlè tó ti wé kalẹ̀. Ó já síta, ó sáré gba ojú ọ̀nà gáréèjì. Màmá Alákàrà wí pé, "Ìbídùn, kú oo..." Ìbídùn kò dúró. Àwọn ìyá tó ń ti ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ya sọ́tùn-ún ya sósì fún un, kò kúnlẹ̀ fún ẹnì kankan. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní àdúgbò yẹn. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà.

Níwájú ilé Bàbá Ajíbóyè, àgbà tó ju gbogbo àdúgbò lọ, ó fẹ́ kọjá fìà. Orí Bàbá ti pá, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ta nìyẹn?" Bàbá kígbe. "Ta ló ń kọjá tí ò kí èèyàn?"

Eékún Ìbídùn fẹ́ tẹ̀. Ó fi ọwọ́ lù ú, ó ń sáré lọ.

"Ọmọ ìsinsìnyí!" Bàbá wí. "Ẹ tún wo èyí tó wà níbí bó ti yàtọ̀. Láti agogo méjì ló ti ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń dágbére. Ó kí mi, ó kí ìyàwó mi, ó ń bi mí léèrè ilé méje tí mo ti gbé."

Ìbídùn dúró gbọnrangandan láàárín títì.

Ó padà wẹ̀yìn. Nídìí ìjókòó Bàbá, ọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àpò ìrìn-àjò wà lẹ́yìn rẹ̀ bí iké ràkúnmí. Ó gbójú sókè láìdìde. Eruku wà nímú rẹ̀.

"Mọ́tò ti lọ, Ìbídùn," Láṣebìkan wí. "Ilé kọkànlá ni mo wà tí mo gbọ́ fèrè rẹ̀. Mi ò lè fi àgbà sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀."

Bàbá Ajíbóyè na ọ̀pá rẹ̀ sí Ìbídùn. "Ìwọ tóo fẹ́ kọjá yìí, ẹnu rẹ dà? Ṣé o wá kí wa náà ni, àbí ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin yìí lo ń sáré bọ̀ láìwọ bàtà?"

"Hẹn," ni Ìbídùn wí. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe Bàbá ló sì ń wò.